Ohun Tó Ń Mú Ojú Ọ̀run Pọ́n Nírọ̀lẹ́, àti Bí Fọ́tò Rẹ̀ Ṣe Lè Jọ Ohun Tí Ojú Rí

Bí òjò ọ̀sán bá dá lóṣù kẹwàá, tí ojú ọ̀run wá pọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ ṣí státọ́ọ̀sì WhatsApp àwọn ojúlùmọ̀ yín wò. Fọ́tò oòrùn tó ń wọ̀ á ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́, àwáwí kan náà lẹ ó sì máa rí lábẹ́ wọn: "Ẹ má wo ti fọ́tò yìí o, ó rẹwà jù báyìí lọ lójú." Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Nínú fọ́tò náà, oòrùn ti di àmì funfun kékeré kan, pupa ojú ọ̀run ti ṣá, ilé àti igi tó wà nísàlẹ̀ ò sì hàn dáadáa. Àwọn kan á ní àìsí kámẹ́rà olówó ńlá ló fà á. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti rí èyí tó dáa tí wọ́n fi fóònù àlòkù yà, mo sì ti rí èyí tí kò wu ojú í wò tí wọ́n fi kámẹ́rà olówó gọbọi yà. Ẹni tó bá mọ ibi tí pupa yẹn ti ń wá ló máa ń mọ ìgbà tó yẹ kó gbé fóònù sókè, ibi tó yẹ kó kọjú sí, àti ohun tó yẹ kó fọwọ́ tẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kó èyí tí kì í ṣe òótọ́ kúrò nílẹ̀. Oòrùn kì í pa àwọ̀ dà nírọ̀lẹ́. Kì í rẹ̀ ẹ́, iná rẹ̀ kì í rọlẹ̀, kì í sì í sún mọ́ wa. Nǹkan bí mílíọ̀nù 150 kìlómítà ló fi jìnnà sí wa láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe jìnnà lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó ti ara rẹ̀ wá, tó ń gba ìṣẹ́jú mẹ́jọ ó lé díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, funfun ni, gbogbo àwọ̀ inú òṣùmàrè ló sì wà nínú rẹ̀ pọ̀: pupa, olómi ọsàn, yẹ́lò, àwọ̀ ewé, búlúù, títí dé àlùkò. Ní gbogbo ọ̀nà tó rìn láti ibi oòrùn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tó dí i lọ́wọ́. Ìgbà tó bá wọ inú afẹ́fẹ́ tiwa yìí ni ọ̀rọ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tí à ń mí símú, bó ti wù kó mọ́ tó, kì í ṣe òfìfo. Gáàsì nitrogen àti ọ́síjìn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹyọ wọn kéré débi pé ojú ò lè rí wọn láéláé. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kọlu àwọn ẹyọ yìí, wọ́n á fọ́n ọn káàkiri. Wọn kì í sì í fọ́n gbogbo àwọ̀ bákan náà. Ìgbì ni ìmọ́lẹ̀ fi ń rìn. Ìgbì búlúù kúrú, ti pupa gùn. Bí ìgbì bá ṣe kúrú sí ni afẹ́fẹ́ ṣe ń fọ́n ọn sí, ìyàtọ̀ ọ̀hún kì í sì í ṣe kékeré: bí ìgbì kan bá fi ìlọ́po méjì gùn ju èkejì lọ, ìlọ́po 16 ni afẹ́fẹ́ fi ń fọ́n èyí tó kúrú ju èyí tó gùn. Bí a bá mú búlúù tí ìgbì rẹ̀ jẹ́ 450 nánómítà (ìwọ̀n tó kéré gan-an tí wọ́n fi ń wọn ìgbì ìmọ́lẹ̀), ká fi wé pupa tó jẹ́ 700, búlúù ń fọ́n ká tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà ti pupa.

John William Strutt, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ayé mọ̀ sí Lord Rayleigh, ló ṣírò rẹ̀ síta lọ́dún 1871. Láyé ìgbà yẹn, ohun tí àwọn onímọ̀ ń rò ni pé àwọn nǹkan wínníwínní kan tó léfòó nínú afẹ́fẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ọdún 1899 ni Rayleigh tó wá fi hàn pé afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ tó o ṣe, kò nílò kí eruku kankan bá a dá sí i. Òun kan náà ló gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1904, àmọ́ gáàsì argon tó bá wọn ṣàwárí ló gbé ìyẹn fún un, kì í ṣe ojú ọ̀run. Ẹ fi ọ̀rọ̀ eruku yẹn sọ́kàn, a ṣì ń padà bọ̀ wá bá a.

Ẹ fojú inú wo dáńfó kan tó kún fún èrò. Àwọn tó wọ aṣọ búlúù, gbogbo bọ́ọ̀sìtọ́ọ̀pù ni wọ́n ti ń sọ̀. Àwọn aláṣọ pupa, ibi tí ọkọ̀ máa já sí pátápátá ni púpọ̀ wọn ń lọ. Bí ọ̀nà bá kúrú, èrò tó gbéra náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa pé délé. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán nìyẹn, tó ṣì funfun nígbà tó bá dé ojú wa. Àwọn aláṣọ búlúù díẹ̀ tó ti sọ̀ ló wá fọ́n sí ẹ̀gbẹ́ títì, ibi yòówù ká wò, àwọn la óò máa rí, ìdí nìyẹn tí ojú ọ̀run ọ̀sán fi jẹ́ búlúù. Ọ̀nà ìrọ̀lẹ́ ló wá jìn. Nígbà tí oòrùn bá wà lókè orí wa gan-an, afẹ́fẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá ò nípọn tó bẹ́ẹ̀. Bó bá kù díẹ̀ kó wọ̀, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wọlé, afẹ́fẹ́ tó ń là kọjá sì tó nǹkan bí ìlọ́po 38 ti ọ̀sán gangan. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, búlúù ti sọ̀ tán, àwọ̀ ewé náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀ tán, ó wá ku yẹ́lò, olómi ọsàn àti pupa. Kò sẹ́ni tó bu pupa sí ojú ọ̀run nírọ̀lẹ́. Pupa ló ṣẹ́kù.

Búlúù tó sọ̀ yẹn náà ò sọnù. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ Èkó nígbà tí oòrùn ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀, òkè Kútọnu àti Lomé ló ti gbà kọjá, níbi tí oòrùn ò tíì wọ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lẹ́yìn ti Èkó ló ń wọ̀ ní Lomé. Búlúù tí àwa ò rí mọ́, ojú ọ̀run tiwọn ló wà.

Ohun kan tún wà tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀, bí ẹ bá gbójú sókè tààrà, búlúù kan tó jinlẹ̀ gan-an, tó ń sún mọ́ àwọ̀ aró, lẹ máa rí. Èèyàn á rò pé àjẹkù búlúù ọ̀sán ni. Lọ́dún 1953, Edward Hulburt, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé iṣẹ́ ozone ni. Gáàsì yìí, tó wà lókè réré, máa ń gba olómi ọsàn àti pupa díẹ̀ mọ́ra, ó sì ń jẹ́ kí búlúù kọjá. Nígbà tí oòrùn bá ti wà nísàlẹ̀, ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn láàárín ozone gùn gan-an, iṣẹ́ ozone á wá hàn. Bí kò bá sí ozone, òkè orí wa lásìkò yẹn ì bá máa ní àwọ̀ eérú tó ń lọ sí yẹ́lò.

Ọ̀rọ̀ eruku

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n á ní eruku ló ń mú ojú ọ̀run pọ́n. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ya fọ́tò jẹun. Àmọ́ ẹni tó bá ti gbé Ìbàdàn tàbí Ọ̀yọ́ lóṣù kìíní rí, ó yẹ kó ti fura. Bí ọyẹ́ bá mú dáadáa, ṣé oòrùn tilẹ̀ ń wọ̀? Ṣe ló máa ń ṣá. Bí agogo márùn-ún ààbọ̀ bá lù, á ti di róbótó kan tí kò lágbára, ojú ọ̀run tó yí i ká á jẹ́ funfun ràkọ̀ràkọ̀ tàbí àwọ̀ eérú, kó tó dé orí páànù ilé ọ̀hún, á ti wọ inú kùrukùru lọ. Pupa tó yẹ kó tàn ká gbogbo sánmà ò ní yọjú rárá.

Ìdí ẹ̀ ò le. Kí nǹkan kan tó lè ya búlúù sọ́tọ̀ kúrò lára pupa, ó gbọ́dọ̀ kéré gan-an sí ìgbì ìmọ́lẹ̀. Ẹyọ afẹ́fẹ́ kéré tó bẹ́ẹ̀. Eruku ọyẹ́ ò kéré tó bẹ́ẹ̀. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń wá, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti àfonífojì Bodélé ní ilẹ̀ Chad, ẹyọ rẹ̀ sì tóbi débi pé búlúù àti pupa, ọgbọọgba ló ń tì wọ́n síbí sọ́hùn-ún. Bí a bá da gbogbo àwọ̀ pọ̀ mọ́ra padà, funfun la óò rí. Ohun tí eruku ń ṣe gan-an ni pé ó ń fọ àwọ̀ dànù.

Òjò ló ń ṣiṣẹ́ fún ayafọ́tò. Bí òjò bá rọ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tó sì dá kí oòrùn tó wọ̀, ó ti kó eruku àti èéfín inú afẹ́fẹ́ wálẹ̀, àwọsánmà tó ṣẹ́ sì wà lókè tí ìmọ́lẹ̀ lè kọlu. Irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lóṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, ó tún pọ̀ lóṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Bí mo bá ní kí n yan oṣù kan ṣoṣo nínú ọdún fún iṣẹ́ yìí, oṣù kẹwàá ni mo máa mú, n kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Àmọ́ ká má parọ́ mọ́ gbogbo nǹkan wínníwínní o. Èéfín igbó tí wọ́n sun, tí ẹyọ rẹ̀ kéré ju ti eruku lọ, lè mú kí oòrùn fúnra rẹ̀ pọ́n bí ojú ọ̀run tó yí i ká tilẹ̀ dọ̀tí. Èyí tó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni òkè ayọnáyèéfín. Lóṣù kẹjọ ọdún 1883, òkè Krakatoa tó wà láàárín erékùṣù Java àti Sumatra bú gbàmù, ó sì ju gáàsì imí ọjọ́ sókè réré, kọjá ibi tí òjò ti lè fọ̀ ọ́ wálẹ̀. Gáàsì yẹn di omi wínníwínní tó yí gbogbo ayé ká. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, ojú ọ̀run pọ́n kárí ayé. Lópin oṣù kọkànlá ọdún náà, ní ìlú Poughkeepsie àti New Haven lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n pe àwọn panápaná jáde torí wọ́n rò pé iná ńlá kan ń jó níwájú. Ní Chelsea nílùú Lọ́ńdọ̀nù, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ William Ascroft dúró létí odò Thames nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́, ó ń fi ọwọ́ ya ohun tó ń rí, torí kò tíì sí fọ́tò aláwọ̀ tó lè bá a ṣe é. Àwòrán tó yà jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Òkè Pinatubo ní Philippines, tó bú lóṣù kẹfà ọdún 1991, ṣe irú ẹ̀ náà.

Ní ayé Mars, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́ gan-an, eruku ló gbalẹ̀. Lóṣù kẹrin ọdún 2015, ẹ̀rọ Curiosity tí àwọn ará Amẹ́ríkà rán lọ síbẹ̀ ya oòrùn tó ń wọ̀, búlúù ló sì yí oòrùn ká. Eruku ibẹ̀ wà ní ìwọ̀n kan tó ń darí búlúù síwájú, tí àwọn àwọ̀ yòókù ń gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Nítorí náà, ìwọ̀n ẹyọ nǹkan tí ìmọ́lẹ̀ bá pàdé ló ń sọ àwọ̀ tó máa dé ojú.

Ìgbà àti ibi tó yẹ kí ẹ dúró sí

Àṣìṣe tí mo ń rí jù lọ ni pé bí oòrùn bá ti rì tán, àwọn èèyàn á kó fóònù sápò, wọ́n á máa lọ sílé. Wọ́n ń lọ nígbà tí eré fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni. Àwọsánmà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lókè, ní nǹkan bí kìlómítà mẹ́wàá sókè, ṣì ń rí oòrùn nígbà tí àwa tó wà nílẹ̀ ò rí i mọ́. Ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ lásìkò yẹn ti la afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù lọ kọjá, ìsàlẹ̀ ló sì ti ń tan ìmọ́lẹ̀ sí wọn nínú. Bí ìrọ̀lẹ́ bá dáa, láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ ni pupa máa ń le jù.

Èyí wá sọ bí ẹ ó ṣe máa wo àwọsánmà láti agogo márùn-ún. Bí gbogbo sánmà bá ṣú, tí àwọsánmà ṣíṣú wálẹ̀ gan-an títí dé ìwọ̀ oòrùn, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, kò ní sí nǹkan kan. Bí kò bá sí àwọsánmà rárá, àwọ̀ á wà nísàlẹ̀ ṣùgbọ́n òkè á ṣófo. Èyí tó yẹ kí ẹ sáré sí ni ìgbà tí àwọsánmà gíga bá wà káàkiri, tí àlàfo sì wà ní ìwọ̀ oòrùn tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà wọlé.

Àwọn èèyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń sọ pé oòrùn ò tètè wọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Kì í ṣe àsọdùn. Ní Èkó, tó wà ní nǹkan bí dìgírì mẹ́fà ààbọ̀ sí ìlà agbedeméjì ayé, ṣe ni oòrùn ń já bọ́ lọ́ọ̀ọ́kán. Láti ìgbà tí etí rẹ̀ bá kan ilẹ̀ títí tó fi máa wọlé pátápátá, ìṣẹ́jú méjì lé díẹ̀ ni. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 21 sí 23, ilẹ̀ á ti ṣú. Ní Lọ́ńdọ̀nù lóṣù kẹfà, oòrùn máa ń fi ẹ̀gbẹ́ yọ́ lọ ni; wíwọ̀ rẹ̀ nìkan lé ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á sì tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Ẹni tó bá ń ka ìmọ̀ràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn òyìnbó kọ, kó rántí pé "wákàtí aláwọ̀ wúrà" tí wọ́n ń sọ, ìyẹn àkókò tí ìmọ́lẹ̀ máa ń rọ̀ kí oòrùn tó wọ̀, lọ́dọ̀ tiwa kì í pé wákàtí kan. Ẹ ti gbọ́dọ̀ wà ní ìdúró kó tó bẹ̀rẹ̀. Oòrùn Èkó ń wọ̀ láàárín agogo mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ sí agogo méje kọjá díẹ̀ ní gbogbo ọdún, nítorí náà kò sí àwáwí pé a ò mọ àkókò.

Ibi tí a kọjú sí ńkọ́? Etíkun Èkó, láti Badagry dé Lẹ́kí, gúúsù ló kọjú sí. Ẹni tó bá dúró sí bíìṣì, tó ń retí kí oòrùn rì sínú òkun níwájú òun, á retí rẹ̀ tì, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló máa wọ̀ sí. Lóṣù kejìlá, tí oòrùn bá yà sí gúúsù ìwọ̀ oòrùn ní nǹkan bí dìgírì 23, nígbà yẹn ló máa ń wọ̀ sápá ibi omi. Lóṣù kẹfà, àríwá ló ń yà sí, orí ilé àti orí igi lẹ máa bá a. Ó wá ṣeni láàánú pé oṣù kejìlá tó dáa fún bíìṣì yẹn náà ni ọyẹ́ ń wọlé dé. Lagoon Front ní Yunifásítì Èkó, tí àwọn ọmọ iléèwé fẹ́ràn láti máa ya fọ́tò, ìlà oòrùn ló kọjú sí, nítorí náà àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ síbẹ̀. Ní Ìbàdàn, ilé-ìṣọ́ Bower tó wà ní Òkè Àárẹ̀, tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1936 tí àwọn ará ìlú ń pè ní Layípo, kò ní wàhálà ìdojúkọ kankan: yíká-yíká ló ń wo ìlú, páànù tó ti dípẹtà tí ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ bá sì kàn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé ìlú yẹn.

Bí ẹ bá wà lórí òkè bẹ́ẹ̀, tí ojú ọ̀run sì mọ́, ẹ yíjú padà wo ìlà oòrùn ní kété tí oòrùn bá wọ̀. Ọ̀já dúdú-aró kan máa wà nísàlẹ̀, àwọ̀ osùn tó fúyẹ́ á wà lórí rẹ̀. Òjìji ayé tí à ń gbé yìí gan-an ni ọ̀já dúdú yẹn, lórí afẹ́fẹ́. Kò sí ẹni tó ń yà á, torí ìwọ̀ oòrùn ni gbogbo ojú wà.

Kámẹ́rà ńkọ́?

Kámẹ́rà fóònù ní iṣẹ́ méjì tí wọ́n rán an, méjèèjì ló ń ba fọ́tò oòrùn jẹ́. Àkọ́kọ́, wọ́n ní kó jẹ́ kí gbogbo nǹkan wà ní agbede-méjì: kó má dúdú jù, kó má mọ́lẹ̀ jù. Bó bá ti rí ilé tó ṣókùnkùn nísàlẹ̀, á gbé ìmọ́lẹ̀ gbogbo fọ́tò sókè, àwọ̀ ojú ọ̀run á sì ṣá dànù. Ẹ fìka tẹ ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn, kì í ṣe oòrùn fúnra rẹ̀. Ẹ mú ìka dúró síbẹ̀ títí fóònù á fi tì í pa. Lórí iPhone, AE/AF LOCK lẹ máa rí lókè. Lẹ́yìn náà ẹ fa àmì oòrùn kékeré tó bá yọ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí pupa tó wà nínú fóònù á fi bá ti ojú ọ̀run mu. Lórí kámẹ́rà gidi, ẹ gbé exposure compensation, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń dín ìmọ́lẹ̀ fọ́tò kù tàbí fi kún un, sí -1 tàbí -2. Fọ́tò tó ṣókùnkùn díẹ̀ ṣe é tún ṣe lẹ́yìn. Èyí tí ojú ọ̀run rẹ̀ ti funfun, kò sí oògùn rẹ̀.

Iṣẹ́ kejì ni white balance, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń pinnu ohun tó yẹ kó jẹ́ funfun. Lójú kámẹ́rà, àṣìṣe ni pupa ìrọ̀lẹ́ jẹ́, á sì máa sapá láti sọ ọ́ di funfun. Bí fóònù yín bá ní Pro, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí ẹ fọwọ́ ara yín yí nǹkan padà, ẹ yọ ọ́ kúrò ní Auto, ẹ gbé e sí ìwọ̀n ọ̀sán tó jẹ́ nǹkan bí 5500K. Ẹni tó bá fẹ́ kó pọ́n díẹ̀ sí i lè lọ dé 6500K. Bí RAW bá wà, ìyẹn fọ́tò tí fóònù ò tíì fọwọ́ tún ṣe, ẹ lò ó, ẹ ó lè yí èyí padà nígbà tó bá yá.

Ọ̀rọ̀ HDR, ètò tó ń pa fọ́tò mélòó kan pọ̀ kí ibi tó ṣókùnkùn àti ibi tó mọ́lẹ̀ lè jọ hàn, ẹ ṣọ́ra fún un. Ṣe ló máa ń tan ìmọ́lẹ̀ sí gbogbo ohun tó yẹ kó dúdú. Ẹ jẹ́ kó dúdú. Ọ̀pẹ, ọkọ̀ ojú omi, ìyá kan tó gbé igbá lérí: ohun tí ìrísí rẹ̀ nìkan tó ká mọ̀ ọ́n ni kí ẹ wá, kí wọ́n má sì wọ inú ara wọn. Èèyàn méjì tó bá fara kanra á di òkìtì dúdú kan.

Kí ló dé tí oòrùn fi ń kéré tó bẹ́ẹ̀ nínú fọ́tò? Torí pé ó kéré ni. Ìdajì dìgírì péré ló gbà lójú ọ̀run, ojú wa ló ń sọ ọ́ di ńlá nígbà tó bá wà nítòsí ilẹ̀. Lẹ́ńsì 24mm, tó sún mọ́ ti ọ̀pọ̀ fóònù, á yà á ní nǹkan bí mílímítà 0.2 lórí sẹ́nsọ̀ kámẹ́rà ńlá (ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà) tí gíga rẹ̀ jẹ́ mílímítà 24. Lẹ́ńsì 200mm á yà á ní 1.8. Lẹ́ńsì 400mm á yà á ní 3.7. Ẹni tó bá fẹ́ oòrùn ńlá gbọ́dọ̀ lo lẹ́ńsì gígùn, kí ohun tó fẹ́ yà pẹ̀lú rẹ̀ sì jìnnà. Èèyàn tó ga ní mítà 1.7 gbọ́dọ̀ jìnnà sí yín tó nǹkan bí mítà 185 kí gíga òun àti ti oòrùn tó dọ́gba. Lẹ́ńsì gígùn yẹn náà ló máa fi hàn yín pé oòrùn tó ń wọ̀ kì í rí róbótó dáadáa. Ṣe ni ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń pẹlẹbẹ. Lẹ́ńsì yín ò bàjẹ́. Afẹ́fẹ́ ló ń tẹ ìmọ́lẹ̀, ó ń gbé ìsàlẹ̀ oòrùn sókè ju òkè rẹ̀ lọ. Ó ń gbé e sókè débi pé nígbà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kan omi lójú wa, oòrùn gidi ti wà lábẹ́ ibẹ̀. Ẹ má fi ojú wo oòrùn nínú ihò kámẹ́rà onílẹ́ńsì gígùn o, bó ti wù kó pọ́n tó. Ojú ò ní sípéà.

Tó bá jẹ́ èèyàn lẹ fẹ́ yà, ẹ pinnu kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú aláwọ̀ dúdú á di òkùnkùn biribiri nínú fọ́tò, fóònù tó bá sì gbìyànjú láti tún un ṣe á ba ojú ọ̀run jẹ́. Ẹ tan fíláàṣì, kó dúró ní mítà kan sí méjì sí yín, kí ẹ ṣì jẹ́ kí ojú ọ̀run wà ní bó ṣe wà. Tàbí kẹ̀, èyí tí mo fẹ́ràn jù, ẹ yí i padà kó kọjú sí oòrùn, ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kó tó wọ̀. Kò sí ìmọ́lẹ̀ sítúdíò tó ń bá awọ dúdú mu tó ìyẹn.

Kí ẹ tó ya ohunkóhun, ẹ nu lẹ́ńsì. Ọ̀rá ìka lójú lẹ́ńsì ló ń fà á tí iná fi ń ya lójú fọ́tò bí oòrùn bá wà níwájú, nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, eruku á tún kún un.

Nígbà tí pupa bá ti lọ, tó ku búlúù, fóònù á fẹ́ bọ́ sí Night mode, á sì sọ ìrọ̀lẹ́ di ọ̀sán. Ẹ pa á, tàbí kí ẹ fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ gbé fóònù ti ògiri tàbí kí ẹ lo tripod, kí ẹ sì gbé timer sí ìṣẹ́jú-àáyá méjì kí ọwọ́ yín má bàa mì ín. Ti àtúnṣe lórí fóònù lẹ́yìn náà, saturation, ìyẹn ibi tó ń mú kí àwọ̀ le sí i, ni gbogbo èèyàn máa ń sáré fà, pupa ló sì ń kọ́kọ́ bàjẹ́ nínú gbogbo àwọ̀ bí wọ́n bá fà á jù. Bí èèyàn bá wà nínú fọ́tò yín, ẹ máa wo awọ ara rẹ̀ bí ẹ ṣe ń fà á. Níbi tó bá ti fẹ́ di àwọ̀ epo pupa, ẹ dá a padà.